Ẹrù Orí Ọkọ̀ Adímírà

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá 2025

Ìwé tuntun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún: kí ọkọ̀ Bàbá kúrò ní àgbàlá yìí lọ́jọ́ tí mo dá.

Ọ̀rọ̀ náà rèé, kí n má baà tún un sọ. Ọkọ̀ ojú omi onígbòkun kan, ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n ní gígùn, gúnwà sórí búlọ́ọ̀kù nínú àgbàlá wa ní Bódìjà, láàárín igi máńgòrò àti kànga. Òyìnbó kan tó ń kó kúrò l'Ékòó ló fi sílẹ̀ fún Bàbá. Kíréènì gbé e kọjá orí ọgbà wọlé lóṣù kẹta. Wáyà iná àdúgbò ò tíì bọ̀ sípò títí dòní. Òkun tó sún mọ́ wa jù — kò sún mọ́ wa.

Bàbá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹnjiníà omi ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, ìjọba gbé wọn lọ sí Ìgbókọ̀dá, ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n rí àwọn apẹja tó ta aṣọ sórí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ lórí ọ̀sà. Wọn ò gbàgbé. Nínú ìwé yìí Adímírà ni mo máa pè wọ́n, nítorí bí wọ́n ṣe káwọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ tí kíréènì dé.

Lóṣù kìíní dókítà ojú sọ pé iṣan ojú méjèèjì ń kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Kí ọdún tó yípo, ó lè tán. Adímírà gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n dé fìlà. "Mo fẹ́ rí ọ̀sà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, láti orí ọkọ̀ ara mi." Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ tí mo gbà náà nìyẹn.

Ètò: Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá, tírélà á gbé ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀, Adímírà àti Mark á gba orí ọ̀sà lọ sí Ìgbókọ̀dá, ọjọ́ mẹ́ta. Èmi á gba títì, màá dúró dè wọ́n níbẹ̀. Èmi kì í wọ omi. Mi ò mọ̀wẹ̀, mi ò sì ní in lọ́kàn láti kọ́ ọ.

Mark: ọmọ Ìlàjẹ, bí ẹni ogójì ọdún, ó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ní Agbowó. Ó wá wo ti kànga wa, Adímírà béèrè ìlú rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá.

Èmi: ilé iṣẹ́ mi ní Ring Road ló ń ṣètò àpérò fún àwọn yunifásítì. Mo ti kó ẹgbẹ̀rin dókítà sínú gbọ̀ngàn kan rí, gbogbo wọn sì jẹun kí aago méjì tó lù. Ọkọ̀ kan ò ní dá mi dúró.

Ohun tó wà lórí ọkọ̀ lónìí: ìdákọ̀ró kan, okùn mẹ́rin, agolo ọ̀dà kan. Nǹkan mẹ́fà. Ó mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ tó kù: ogójì.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Odó.

Mo ti Ring Road dé, mo bá odó lórí ọkọ̀. Odó igi ìrókò, tòun tọmọ odó. Alhaja Mùsílímátù tó kọjú sí wa ló gbé e wá, ó di ọwọ́ ọmọ wọn obìnrin ní Òkìtìpupa. "Wọ́n ní apá ibẹ̀ lẹ̀ ń lọ."

Mo ní, Alhaja, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni o.

Wọ́n ní, "Ṣé mo ní kó má gbafẹ́ ni? Kó máa gbafẹ́ lọ pẹ̀lú odó."

Adímírà ti gbà á. Àwọn fúnra wọn ló yí i dé ìdí òpó ìgbòkun. Mo mọ òfin náà: àgbà kì í ní kí o bá òun mú nǹkan dání kí o ní ọwọ́ rẹ kún. Wọn ò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò. Ó yẹ kí wọ́n kọ́ wa.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mark wá. Ó wo odó. Ó yí i po. "Omi ò mọ ẹni tó ni ẹrù, Màdáámù." Ó lọ sídìí ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Mo mọ̀ pé odó yẹn máa bímọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Díákónì Luke dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́fà àti àga ìwàásù. Odindi. Ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní ìjọ ọmọ kan ní Ìgbókọ̀dá tí pásítọ̀ wọn ń wàásù lórí tábìlì oúnjẹ. Mo ṣàlàyé ìwúwo. Mo ṣàlàyé ìlà omi. Díákónì fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n ní:

"Ẹ gba ti Alhaja. Ẹ ò wá ní gba ti Ọlọ́run?"

Ohùn kan ta láti òdìkejì ọgbà: "Díákónì, ta ló sọ fún yín pé odó tèmi kì í ṣe ti Ọlọ́run?"

Wọ́n gbé e sókè. Adímírà ló júwe ibi tí wọ́n máa gbé e sí — kì í ṣe ibẹ̀, ẹ sún un díẹ̀, ẹ padà díẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ, mo rí wọn tí wọ́n rìn láti ìdí odó dé ìdí àga ìwàásù. Wọ́n padà. Wọ́n tún rìn. Bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀ wọn.

Mo ní kí lẹ̀ ń wọ̀n, Bàbá?

"Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì."

Ó dáa. Ẹnjiníà ni wọ́n. Èmi kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé pátákó kan sórí ọkọ̀: ẸRÙ TI TÓ. NÍPA ÀṢẸ.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá

Ẹnìkan ti so àpò gààrí kan mọ́ pátákó náà. Bébà tó wà lára rẹ̀: "Fún Ẹwàolúwa. Ghana." Kò sí àdírẹ́sì mìíràn. Mo bi Adímírà bóyá Ìgbókọ̀dá ti di Ghana.

"Gbogbo omi ló já síra wọn," ni wọ́n wí.

Mo gbé pátákó kejì síbẹ̀, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Ìdrís tó ń kun ọkọ̀ yẹ kó dé láago mẹ́jọ láti fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìlà yẹn ṣe pàtàkì: tí ọkọ̀ bá wọ omi tí ìlà náà rì, ẹrù ti pọ̀ jù. Aago mẹ́jọ: "Mo ti wà lọ́nà, Àǹtí." Aago mọ́kànlá: ọ̀nà náà ni. Aago mẹ́ta: wọ́n dí i lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀. Ta ló dí i lọ́wọ́? Dùgbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, Adímírà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí ọ̀dà ò kàn rárá, wọ́n mi orí. "Pupa yẹn mọ́ dáadáa. Ìdrís mọṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá àwọn oníṣẹ́ jà, mi ò rí ẹni tó fi sùúrù bú wọn tó báyìí. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Ìdrís bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Aago mẹ́fà àárọ̀, Ìdrís ti wà níbí, ojú ń tì í. Ìlà pupa ti wà. Ọgbọ́n Adímírà ṣiṣẹ́. Màá lò ó ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹwàá

Sódìq onígbàjámọ̀ láti Agbowó. Àga ìgérun — irin nídìí, awọ lẹ́yìn, ó ń yí po. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbókọ̀dá, kò sì ní àga.

"Kò wúwo, Àǹtí."

Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Ọ̀kan nínú wọn ń pe ìyá rẹ̀.

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti jókòó sórí àga yìí o," ni Sódìq wí, bí ẹni pé ìmọ̀ á mú kó fúyẹ́.

Mo ti to gbólóhùn mi sílẹ̀ nípa ìwúwo. Ṣùgbọ́n Adímírà ní kí wọ́n gbé àga náà sẹ́yìn ọkọ̀, ti igi ìtọ́kọ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí Màmá ti kú, ọdún kẹrin rèé. Mo gbé gbólóhùn mi mì.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá

Ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú férémù rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ. Agogo ògiri tó ń lù ní wákàtí-wákàtí, tí kò sì mọ wákàtí kankan. Àwọn èèyàn ti ń ti Òkè-Àdó wá. Ọkùnrin kan ti Àpáta wá, kò mọ̀ wá rárá, ó kàn gbọ́ ni.

Mark gòkè, ó wò yíká. Mo ní kó sọ ojú abẹ níkòó, èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé kúrò.

"Pátákó yín, Màdáámù. Ó gba afẹ́fẹ́ ju ìgbòkun lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kọkànlá

Mo ka ohun gbogbo. Bébà, bírò, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa nìyí: tí nǹkan bá dàrú, kà á.

Mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀: mẹ́fà.
Ti àwọn ará àdúgbò: méjìlélógún.
Ti ẹnìkan: mọ́kàndínlógún.

Mo wá ẹni náà. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sínú omi, mẹ́rìnlá, fún èèyàn méjì. Ẹ̀rọ panápaná, ọ̀kan. Pátákó funfun tí mo ya ọ̀nà sí, ọ̀kan. Pátákó ìkìlọ̀ pé kí ẹrù má wọ ibẹ̀, mẹ́ta.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Adímírà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi márùn-ún wá láti Ring Road. Wákàtí mẹ́ta. Èyí tó wúwo jù sí àárín, èyí tó fúyẹ́ sí iwájú, ojú ọ̀nà láàárín wọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Odó ti kúrò nídìí òpó. Àga onígbàjámọ̀ ti bọ́ síwájú. Àga ìwàásù kọjú sí ilé Alhaja, bóyá wọ́n á ronú.

Ó dára. Ó dára débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ tó kù: ogún.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá

Adímírà ṣubú.

Aago méje àárọ̀, wọ́n gun ọkọ̀ bí ìṣe wọn. Mo gbọ́ ìró kan, mo gbọ́ agogo ògiri tó lù lẹ́ẹ̀kan. Mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ojú ọ̀nà tí mo là, ẹ̀jẹ̀ lójú. Wọ́n ti rìn lọ kan férémù ilẹ̀kùn. Odindi férémù, nínú oòrùn àárọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ: "Ta ló gbé odó kúrò?"

Ní ilé ìwòsàn, ojú ìránpọ̀ márùn-ún lórí ìpéǹpéjú. Dókítà tó rán an ṣí káàdì wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀ka ojú ò rí yín láti oṣù kìíní o." Mo ní irọ́ ni, oṣooṣù ni mo ń pe takisí fún wọn. Mo ní ìwé rẹ̀. Mo ní déètì.

Adímírà ń wo ògiri. Tàbí kí n ní, wọ́n kọjú sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

A jẹ ẹ̀bà, oníkálukú ní yàrá tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Mo jókòó dúró de Mark lẹ́nu géètì. Mo ní: kí ni Bàbá ń ṣe lórí ọkọ̀ yẹn láràárọ̀?

Ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo rò pé ẹ mọ̀."

Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.

"Láti òpó dé odó, ọwọ́ kan. Láti odó dé àga ìwàásù, ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Láti àga ìwàásù dé àga onígbàjámọ̀, mẹ́rin. Ìtọ́kọ̀ á wà lọ́wọ́ òsì. Bàbá ò gba ẹrù lásán, Màdáámù. Wọ́n ń fi ẹrù sàmì. Ẹ lọ tú àmì náà."

Mo ní láti ìgbà wo ni ojú wọn ti lọ?

"Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ojú ọjọ́ ni wọ́n máa ń bi mí, nínú oòrùn gangan."

Pupa yẹn mọ́ dáadáa.

Wọn ò bú Ìdrís.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kọkànlá

Mo gbé tíì lọ bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní Bàbá, takisí yẹn, níbo ló ń gbé yín lọ?

"Dùgbẹ̀."

Kí lẹ̀ ń ṣe ní Dùgbẹ̀?

"Mò ń wo Cocoa House."

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé ẹ̀rọ. Dókítà máa ń gbé lẹ́tà kéékèèké kọ́ ògiri kó lè mọ bí ojú ṣe ń lọ sí. Kí ni èèyàn ń fi lẹ́tà kéékèèké ṣe? Cocoa House ni wọ́n gbé kọ́. Ojú ibì kan náà lóṣooṣù, nídìí obìnrin kan tó ń ta ọsàn. Lóṣù kejì, wọ́n ka àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Lóṣù kẹrin, òkè rẹ̀ ti wọ inú ìkùukùu, ọ̀run sì mọ́ lọ́jọ́ náà. Lóṣù kẹfà, wọ́n bi ọlọ́sàn léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti wó ilé yìí ni?"

"Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó fún mi ní ọsàn kan sí i. Láti ìgbà náà, ọsàn nìkan ni mò ń lọ jẹ níbẹ̀."

Inú bí mi. Mo kọ ọ́ síbí nítorí òótọ́ ni: inú ló kọ́kọ́ bí mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń lé ọjọ́ kan tó ti kọjá. Tírélà, ìwé àṣẹ, ọ̀dà, ẹ̀wù mẹ́rìnlá. Mo ní: kí la wá ń lọ rí, Bàbá? Ẹ sọ fún mi. Kí ló kù tí ẹ máa rí?

Wọ́n mu tíì wọn tán kí wọ́n tó dáhùn.

"Ìwọ ò tíì rí i rí."

Mo ní èmi ń gba títì lọ.

"Kí ló wà lójú títì yàtọ̀ sí kòtò? Èmi á darí ọkọ̀. Mark á mójú tó ìgbòkun. Ìwọ á máa wò ó, wàá máa sọ ọ́ fún mi."

Mi ò mọ̀wẹ̀, Bàbá.

"Ẹ̀wù mélòó lo rà?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Mo kọ lẹ́tà sí onítírélà pé a ò lọ mọ́. Mi ò fi ránṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà mìíràn pé kó má pẹ́. Ìyẹn náà wà níbí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Odó ti padà sídìí òpó. Adímírà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, wọ́n ń júwe, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń gbé. Àga ìwàásù. Àga onígbàjámọ̀. Mo pa ìlà ṣọ́ọ̀kì mi rẹ́ fúnra mi.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ, mo fi ìborùn di ojú mi, mo rìn láti òpó. Odó — ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo gbá àga ìwàásù mú bí ẹni tí pásítọ̀ ti bá wí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ nìkan. Mo na ọwọ́, mo dúró. Mi ò mọ̀ pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

"Àpínkẹ́." Alhaja, láti orí ọgbà. "Kí lo sọ nù?"

Mo ní, ìtọ́kọ̀ ni mò ń wá, Alhaja.

"Lọ sí òsì. Sún díẹ̀ sí i. Òsì, mo ní, àbí òyìnbó ni mo fi bá ẹ sọ ọ́?"

Mo kàn án. A ń lọ.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Mark ti sọ tirẹ̀: nǹkan mẹ́ta péré ni ọkọ̀ yìí máa gbé lórí pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta. Mo pe gbogbo ẹlẹ́rù sí mítíìnì lábẹ́ máńgòrò. Mo mú ojútùú wá, ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán: lọ́rì ilé iṣẹ́ mi á gbé gbogbo ìyókù gba títì lọ, ọjọ́ kan ló máa fi dé, kò sí ìyọnu.

Wọ́n yarí.

"Títì kẹ̀?" ni ọkùnrin Àpáta wí. "Tó bá jẹ́ títì ni, ṣé mi ò mọ gáréèjì ni?"

Sódìq, tí àga tirẹ̀ wà lára mẹ́ta tó ń lọ, ní òun ò lè rí i kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹlòmíì. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ní wọ́n ti sọ fún àbúrò òun pé ojú omi ló ń gbà bọ̀, gbogbo ilé ti gbọ́. Díákónì Luke ní ìjọ ọmọ ti yan ìgbìmọ̀ tó máa lọ pàdé ẹrù létí omi. Akọrin ti ra ìbọ̀sẹ̀ funfun.

Mo ṣàlàyé pé ẹrù kan náà ni. Ibì kan náà ló ń lọ. Á tilẹ̀ tètè dé ju èyí tó gba omi lọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò lọ sílé ìwé.

Alhaja ló sọ ọ́: "Àpínkẹ́, ẹrù tó gba omi kọjá, ó ti rí nǹkan."

Mo lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojútùú kejì: lọ́rì á gbé ẹrù dé etí omi ní Ìgbókọ̀dá. Àwọn èèyàn Mark á kó o sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Wọ́n á tù ú síwájú bí ogún ìgbésẹ̀. Wọ́n á yí i padà. Wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sórí pátákó funfun.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kọkànlá

Mo gbé pátákó ìkìlọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀wù mọ́kànlá náà. Mẹ́ta kù.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kọkànlá

Mo yí èrò padà lórí ọ̀kan. Mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

Tírélà yẹ kó dé láago mẹ́fà. Ó dé láago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú. Mi ò sọ nǹkan kan. Awakọ̀ náà ń dúró kí n sọ̀rọ̀, ó wá ń tọrọ àforíjì fúnra rẹ̀.

Kíréènì gbé ọkọ̀ sókè, odó, àga ìwàásù àti àga onígbàjámọ̀ lórí rẹ̀, okùn Mark yí wọn ká. Ó kọjá lórí máńgòrò. Gbogbo ojúlé jáde. Adímírà dúró lẹ́nu géètì, wọ́n gbé ojú sókè. "Ibo ló dé?"

Mo ní: ó wà lókè ọgbà, Bàbá. Ó ń yí díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ewé máńgòrò kan há sí ìdí ìtọ́kọ̀.

"Ẹ̀hẹ́n," ni wọ́n wí. "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Alhaja ju ọwọ́ sókè, wọ́n ní: "Ẹ bá mi kí odó mi tó bá dé."

A dé Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kọkànlá. Orí ọ̀sà

Mò ń kọ èyí lórí orúnkún, nínú ẹ̀wù méjì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ìlà pupa wà lókè omi ní ìka mẹ́ta. Odó ò mì. Nígbà tí ìgbòkun gba afẹ́fẹ́, Mark pa ẹ́ńjìnnì, ariwo tán pátá. Mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́.

Adímírà kúrò nídìí òpó. Ọwọ́ kan: odó. Mẹ́ta: àga ìwàásù. Mẹ́rin. Wọ́n jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, wọ́n di ìtọ́kọ̀ mú, afẹ́fẹ́ wà lójú wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbọ́ ibi tó ti ń wá. Ọkọ̀ lọ tààrà. Àwọn apẹja méjì dá àjẹ̀ dúró láti wò wá. Ọ̀kan kígbe béèrè bóyá a ń gé irun.

"Lọ́la," ni Adímírà wí. "Ìwàásù la ń ṣe lónìí."

Lẹ́yìn náà: "Ó yá, Àpínkẹ́. Kí lo rí?"

Mo ní, omi.

"Omi báwo?"

Omi púpọ̀.

Wọ́n bi Mark bóyá ó lè gba ẹnikẹ́ni wọkọ̀ létí omi, ọmọ tó ka ìwé díẹ̀ ju èyí lọ.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, nítòsí esùsú ó rí bíi tíì tí wàrà rẹ̀ ò tó. Níwájú ó ń dán bíi páànù tuntun, débi pé mo ń di ojú kan. Igi wà nínú omi, tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ yíká láti fi kó ẹja jọ. Ẹyẹ dúdú kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ya apá rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó sá aṣọ. Obìnrin kan nìkan wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n pẹ̀lú agboòrùn aláwọ̀ ewé. Ó ń dín nǹkan. Nínú ọkọ̀, Bàbá. Ó ń dín nǹkan.

"Mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹja ni. Tẹ̀síwájú."

Mo tẹ̀síwájú. Wákàtí kan, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sọ̀rọ̀ pẹ́ tó yẹn rí láìsí pátákó lẹ́yìn mi. Fóònù ń dún: lọ́rì ti dé Ìgbókọ̀dá láti àná, akọrin ti wà létí omi, ọjọ́ wo gan-an la ń dé, kí n fún wọn ní wákàtí. Mo pa á.

Mo rò pé Adímírà ti sùn lórí àga.

"Apá ọ̀tún lo ń sọ láti àárọ̀," ni wọ́n wí. "Kí ló wà lósì?"

Òótọ́ ni. Mi ò wo òsì.

Mark ní a ti kọjá ibẹ̀, ó ti tó máìlì mẹ́rin. Mo ní mo mọ̀. Mo ní kí Bàbá yí ọkọ̀ padà.